Ìbọ̀wọ́ irin mi ti di kànìnkànìn

Ẹ̀yin èèyàn mi, màámi fi ìbọ̀wọ́ iṣẹ́ mi fọ ìkòkò láàárọ̀ yìí.

Alápatà ni mí ní Altona, nílùú òyìnbó níbí. Òrùka irin wẹ́wẹ́ ni wọ́n so kọ́ra fi ṣe ìbọ̀wọ́ náà, kí ọ̀bẹ má baà gé mi níka.

Mo ní, "Màámi, irú irin yìí ni àwọn jagunjagun àtijọ́ fi ń ṣe odindi ẹ̀wù, kí idà má baà wọlé sí wọn lára. Ẹ wá ń fi ha ìrẹsì tó jóná."

Wọ́n yíjú sí mi.

"Odindi ẹ̀wù?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Bá mi ra ẹ̀wù yẹn. Ìkòkò ṣọ́ọ̀ṣì pọ̀."

Ìkòkò ń dán. Ìbọ̀wọ́ ò kúrò lọ́wọ́ wọn. Ẹran sì ń dúró dè mí lọ́la.

Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé kí n wọ sípọ́ńjì lọ síbi iṣẹ́ ni?