Bí Mo Ṣe Lọ Gba Káàdì Ìyá Tọ́pẹ́ ní Ìfisìn

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tí mo fi ti ilẹ̀kùn ilé mi pa ní Ìtàjí. Káàdì kan ṣoṣo tí mo ní wà ní àpò àyà ẹ̀wù mi, mo fi ọ̀rá wé e. Àwòrán ọmọ mi Tọ́pẹ́ ló wà lórí rẹ̀, ó wọ ìbọ̀wọ́ aṣọ́lé. Bọ́ọ̀lù ni iṣẹ́ rẹ̀ lókè òkun. Ó sì ń kó irú káàdì bẹ́ẹ̀ jọ: páálí pẹlẹbẹ tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, àwòrán eléré ìdárayá níwájú, orúkọ rẹ̀ lẹ́yìn. Ó ní gbogbo ọmọbìnrin ẹgbẹ́ wọn ló ń kó o. Wọn kì í tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ ara wọn. Pàṣípààrọ̀ ni wọ́n ń ṣe.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni yóò dé, lẹ́yìn ọdún mẹ́rin. Kò ráàyè wá sin ìyá rẹ̀. Ohun kan ló béèrè lórí fóònù: "Bàbá mi, káàdì àkọ́kọ́ tí mo ní kí màámi bá mi tọ́jú ńkọ́?"

Mo ní ó wà. Kò sí lọ́wọ́ mi. Nígbà tí ìyàwó mi kú, àwọn ẹbí rẹ̀ wá pín aṣọ rẹ̀, mo sì gbé àpótí fún wọn láìtú u. Ìsàlẹ̀ àpótí yẹn ni káàdì wà. A kì í sì í gba ohun tí a ti fi fún àna padà.

Ẹgbẹ̀rún kan ààbọ̀ náírà ni ọlọ́kadà gbà dé Ọyẹ́. Ihò pọ̀ lọ́nà, mo sì fọwọ́ di àyà mú.

"Bàbá, ẹ rọra o," ó ní. "Àbí owó orí ìyàwó tuntun lẹ gbé sáyà?"

"Wo iwájú rẹ."

Mo wọ mọ́tò láti Ọyẹ́ dé Ìfàkì, àwa méjì ni wọ́n fún mọ́ dẹ́rẹ́bà níwájú. Mo jẹ àkàrà níbẹ̀. Ó tóbi ju ti Ìtàjí lọ, ṣùgbọ́n iyọ̀ rẹ̀ kò tó. Mo kọjá sí Ìdó, mo tún gun ọ̀kadà wọ Ìfisìn láàárín ọ̀pẹ.

Ìyá Dáre, ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi, ń dín gààrí. Mo dọ̀bálẹ̀.

"Bàbá Tọ́pẹ́, ẹ dìde! Ẹ ti fi eérú kun aṣọ. Ẹ wọ ulé."

Mo béèrè káàdì. Ó rẹ́rìn-ín, ó ṣí àpótí àbúrò rẹ̀, ó mú Bíbélì jáde. Káàdì náà wà láàárín Sáàmù.

"Àwòrán Tọ́pẹ́ kẹ̀? Àràárọ̀ ni mò ń gbọ́wọ́ lé e. Ọjọ́ tí wọ́n gba ife-ẹ̀yẹ yẹn, mo ti gbàdúrà tán kí ilẹ̀ tó mọ́!"

Mo wo káàdì náà. Obìnrin adúláwọ̀ ló wà lórí rẹ̀, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́. Ó jọ Tọ́pẹ́ díẹ̀. Mo ti lé ní ogójì ọdún kí n tó mọ̀wé kà. Mo yí i padà, mo ka ẹ̀yìn rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, Tọ́pẹ́ kọ́ nìyí. Ará Brazil ni."

"Ará ibo?" Ó ká ọwọ́ lérí. "Háà! Gbogbo àdúrà mi! Ọmọ ọlọ́mọ ló ń jẹ ẹ́!"

"Tọ́pẹ́ náà gba ife-ẹ̀yẹ. Ọlọ́run mọ ẹni tí ẹ ń wí."

Síbẹ̀ kò gbé ọwọ́ kúrò lórí rẹ̀. "Àbúrò mi ló fọwọ́ ara rẹ̀ tọ́jú èyí," ó ní. "N kò lè yọ̀ǹda rẹ̀."

A kì í bá àna jiyàn. Mo tú ọ̀rá àpò mi. Káàdì tí mò ń wò lálaalẹ́ kí n tó sùn ni. Mo gbé e lé orí Bíbélì.

"Tọ́pẹ́ gan-an rèé."

Ó wò ó pẹ́. "Ó ti sanra!" Ó bú sí ijó, ó ń pe àwọn aládùúgbò. Ó ti èyí àkọ́kọ́ sí mi lọ́wọ́. "Ẹ máa gbé àlejò yín lọ. Ẹ sọ fún Tọ́pẹ́ pé àdúrà tuntun bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ yìí."

Mo délé ṣáájú Tọ́pẹ́. Nígbà tó dé, ó ṣí ìwé ńlá alápò ọ̀rá tó ń kó káàdì rẹ̀ sí. Tirẹ̀ wà lójú ewé kìn-ín-ní, àpò ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣófo. Mo na káàdì náà sí i. Ó gbé e sí imú.

"Òórùn kánfọ̀ àpótí màámi," ó ní. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sunkún. Lẹ́yìn náà ó béèrè: "Tiyín dà?"

Mo ròyìn fún un. Ẹ̀rín rẹ̀ dé ìta. "Bàbá mi, pàṣípààrọ̀ lẹ ṣe yẹn! Ẹ ti wọ ẹgbẹ́ wa."

Ìrìn àjò yìí kọ́ mi láti máa tú àpótí wò kí n tó gbé e fúnni. Ní ti káàdì mi, n kò ṣàárò rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹni tó wà lórí rẹ̀ ló ń gúnyán lẹ́yìn ilé mi.