Oògùn Làpálàpá àti Hóró Aláwọ̀ Aró

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, gbogbo ìlú Olódò fẹ́ dojú dé. Ọwọ́ òsì ni mo fi dì í mú, torí ọ̀tún wà nínú ẹ̀kọ. Bí kì í bá ṣe tèmi, inú odò lẹ̀ bá máa ná ọjà lónìí.

Làpálàpá ló mú mi lẹ́yìn àti nítan. Dókítà kan ní Ẹgbẹ́dá fún mi ní oògùn oníhóró, mò ń gbé e mì láràárọ̀. Àsìkò náà ni hóró aláwọ̀ aró kan ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Èkó, tí àwọn àgbà ń sọ ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé ó ń sọ arúgbó di ọkọ ìyàwó. Mo ra ẹyọ kan. Kí n tó gbé e mì, mo rò ó títí: oògùn làpálàpá, ara ló ń lọ, oògùn ìsàlẹ̀, ìsàlẹ̀ ló ń lọ. Níbo ni wọ́n ti fẹ́ pàdé?

Wọ́n pàdé. Ẹ̀kọ funfun di aláwọ̀ aró lójú mi, orí ń fọ́ mi, ilẹ̀ gbéra. Ìyàwó mi gbé mi gun ọ̀kadà, ó jókòó sẹ́yìn mi, ó di Ẹgbẹ́dá.

"Bàbá, kí lẹ lò mọ́ oògùn tí mo fún yín?"

Mo wo ìyàwó mi. "Ẹ̀kọ ni."

"Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ yín ti lọ sílẹ̀ gan-an. Tí mo bá tọ́jú yín lórí ohun tí mi ò mọ̀, ẹ lè kú mọ́ mi lọ́wọ́."

"Ẹ jẹ́ kí ìyá yìí bọ́ síta ná."

Ìyàwó mi bú sẹ́rìn-ín. "Síta kẹ̀? Bàbá ọmọ mi, hóró aláró tí ẹ kì sínú fìlà, ṣé ẹ̀yin lẹ ń fọ fìlà ni?"

Dókítà mirí. Ó ní ẹ̀dọ̀ ló ń palẹ̀ oògùn mọ́ lára. Oògùn làpálàpá ti dí i lọ́wọ́, ni hóró aláró bá ń pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀. Wọ́n tẹ́ mi sílẹ̀, wọ́n gbé ẹsẹ̀ mi sókè, wọ́n fa omi sí mi lára. Ibẹ̀ náà ni mo ti ń béèrè:

"Orógbó ńkọ́, dókítà? Òun náà ń gba ibẹ̀ kọjá?"

"Ohunkóhun tí ẹ bá fẹ́ gbé mì, Bàbá, ẹ kọ́kọ́ bi mí."

Ìyàwó mi ní, "Ẹ jẹ́ kí làpálàpá kọ́kọ́ san ná, ọkọ ìyàwó."

Òótọ́ ni hóró méjèèjì, òótọ́ ni ẹ̀kọ aláró. Ṣùgbọ́n Olódò ò mì rárá. Èmi ni mo fẹ́ dojú dé. Ọwọ́ òsì tí mo ní mo fi di ìlú mú, irọ́ ni. Ọwọ́ ìyàwó mi ló di ẹ̀wù mi mú títí a fi dé Ẹgbẹ́dá.