Tòlótòló Kérésì tí inú ẹ̀ ò jinná

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ wá gbọ́ ohun tójú mi rí.

Òní ni Déjì, àfẹ́sọ́nà mi, mú mi lọ kí àwọn òbí ẹ̀ l'Émùré fún ìgbà àkọ́kọ́. Màmá ẹ̀ yan odidi tòlótòló nínú ófùn. Ara ẹ̀ pọ́n, ó ń dán. Bàbá gbàdúrà, Mọ́mì sì gé itan kan fún mi.

Bí mo ṣe ya á báyìí, ẹ̀jẹ̀!

Déjì rí i. Ó fẹsẹ̀ tẹ ẹsẹ̀ mi lábẹ́ tábìlì pé kí n dákẹ́. Bàbá ti ń gbé tiwọn lọ sẹ́nu.

Mo ní, "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì jẹ ẹ́. Mọ́mì, ẹ má bínú, inú ẹ̀ ò tíì jinná."

Mọ́mì wò mí títí, wọ́n gbé ẹran náà, wọ́n ní, "Tẹ̀lé mi."

Mo tẹ̀lé wọn dé kíṣìnnì. Wọ́n na ọ̀bẹ sí mi.

"Gé e wẹ́wẹ́, ká tún un sè. Ṣé kí n wá fi inú rírun pa ọkọ mi nínú ulé mi ni?"

Nígbà tá a ń lọ, wọ́n di èyí tó kù fún mi. "Tètè gbé e sí fíríìjì. Gbé e kaná dáadáa kó o tó jẹ ẹ́."

Bí a ṣe dé Ìkẹ́rẹ́ ni Déjì yíjú sí mi. Ó wá ní, "O dójú ti màmá mi. O ò bá ti rọra jẹ ẹ́."

Kí bàbá ẹ̀ náà jẹ ẹ́?

Ẹ bá mi dá sí i o. Ṣé ẹni tí mo fẹ́ fẹ́ nìyí?