Ẹ̀rọ Tó Béèrè fún Líìfù

Fèrèsé mẹ́tàlélógójì ló wà lára ilé ọ́fíìsì alájà mẹ́rin náà, ọkùnrin kan ṣoṣo ló sì ń ṣí wọn. Láàárọ̀ á ṣí apá ibi tí oòrùn ò tíì dé. Tó bá di ọ̀sán, á ti ìwọ̀nyẹn, á wá ṣí ti òdìkejì. Ọdún mọ́kànlélógún ló ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀, akọ̀wé kan ò sì tíì làágùn sórí ìwé níbẹ̀ rí. Bàbá Fèrèsé ni tajá-tẹran ń pè é, débi pé bí ẹ bá fi orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ pè é, ó lè má dáhùn.

Ohun kan ṣoṣo ni Bàbá Fèrèsé ń wá lọ́dún tí mò ń wí yìí: líìfù ọ̀sẹ̀ méjì péré. Ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo, tó ń gbé ìlú tí mọ́tò ń fi odindi ọjọ́ kan rìn dé, lóyún àkọ́kọ́. Bàbá fẹ́ gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ kí ọmọ náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ojú. Ó kọ lẹ́tà, Ọ̀gá tó ni ilé sì ránṣẹ́ pè é.

"Bàbá, ẹ fún mi ní sùúrù díẹ̀. Ẹ jẹ́ ká gba pátákó ná."

Ẹ jẹ́ n sọ ti pátákó yìí fún yín, torí inú ṣì ń bí mi sí i. Ilé gíláàsì kan wà ní òdìkejì títì, ó ń dán gbinrin bí abọ́ tuntun. Wọ́n kan pátákó kan mọ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀ pé àwọn ará òkèèrè ti yẹ̀ ẹ́ wò, pé ilé tí kì í pa àyíká lára ni, ipò kìíní. Ẹ̀rọ amúlétutù mọ́kàndínlógún ló ń kùn lẹ́yìn ilé tí kì í pa àyíká lára yìí tọ̀sán-tòru, ẹyẹ ò sì jẹ́ bà sítòsí rẹ̀. Ṣùgbọ́n pátákó ni pátákó. Àwọn ayálégbé bẹ̀rẹ̀ sí í sọdá sọ́hùn-ún, Ọ̀gá ò sì rí oorun sùn mọ́.

Ló bá gba ẹnjinníà kan, ọmọbìnrin tó mọ̀wé dunjú. Iṣẹ́ tó gbé fún un ni pé kó fi òfin orílẹ̀-èdè mẹ́ta wéra, kó wo èyí tí ilé àwọn ti lè yege. Àṣé kálukú ló ní bó ṣe ń fún ilé ní máàkì. Ilé kan náà lè gba ipò kìíní lọ́dọ̀ àwọn kan, kí àwọn mìíràn ní kó lọ tún kíláàsì kà. Bàbá Fèrèsé ló ní kọ́kọ́rọ́, òun náà ló ń bá Ẹnjinníà di ẹnu téèpù tí wọ́n fi ń wọn ilé mú.

Orílẹ̀-èdè olótùútù ni wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Lọ́dọ̀ tiwọn, ojúlówó fèrèsé ni èyí tí kò ṣeé ṣí, kí ooru má baà jáde.

"Ṣé ooru ni wọ́n ń tọ́jú ni?" Bàbá Fèrèsé béèrè.

"Bẹ́ẹ̀ ni o, Bàbá. Ó wọ́n lọ́dọ̀ wọn."

"Ẹ bá wa kọ̀wé sí wọn kí wọ́n wá kó tiwa."

Wọ́n tún ń fúnni ní máàkì lórí iye iná amúlétutù téèyàn bá dín kù. Ilé yìí ò ní amúlétutù kankan, kí ló wá fẹ́ dín kù? Ẹnjinníà kọ ọ́ sílẹ̀, kò sì fi ṣàwàdà, pé kí Ọ̀gá ra mẹ́jọ, kó fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n ṣiṣẹ́ fún ọdún kan gbáko, kó wá pa wọ́n. Máàkì mọ́kànlélọ́gbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n gbà. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni ọmọ Bàbá Fèrèsé bí obìnrin làǹtì-lanti. Ó tún tọ Ọ̀gá lọ. Ọ̀gá ní ó ku díẹ̀.

Inú aṣálẹ̀ ni orílẹ̀-èdè kejì wà. Iyanrìn ló ń gba ojú fèrèsé wọlé tọ̀ wọ́n, nítorí náà wọn ò fẹ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀ sétí. Omi ni tiwọn, àti kẹ̀kẹ́. Ọ̀gá ní kí wọ́n ri irin mọ́lẹ̀ síwájú ilé, níbi tí ogún èèyàn ti lè de kẹ̀kẹ́ mọ́ ọn. Títí di òní, ẹnì kan ò gun kẹ̀kẹ́ wá síbẹ̀, àkísà tí wọ́n fi ń nulẹ̀ ló ń gbẹ lórí rẹ̀. Máàkì mẹ́rìnlélógójì. Ọmọ ti hu eyín méjì, ó ti ń rákòrò.

Inú yàrá kan lẹ́yìn ilé náà ni Bàbá Fèrèsé àti ìyàwó rẹ̀ ń gbé. Tíṣà ni ìyá yìí kó tó fẹ̀yìn tì, ẹnu rẹ̀ ò sì tíì fẹ̀yìn tì. Ó na fóònù tí àwòrán ọmọ wà lójú rẹ̀ sí ọkọ rẹ̀.

"Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọjà wo lẹ̀yin wà ná?"

Bàbá gba fóònù, ó tẹjú mọ́ ọmọ náà. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọra.

Orílẹ̀-èdè kẹta jẹ́ erékùsù. Afẹ́fẹ́ ni wọ́n fẹ́ràn, ibẹ̀ ni nǹkan sì ti fẹ́ ṣẹnuure: máàkì méjìdínlọ́gọ́ta, ọgọ́ta sì ni àṣeyege. Méjì tó kù wà fún ẹ̀rọ tó ń ṣí fèrèsé tí ooru bá mú, tó sì ń tì í tí oòrùn bá dé.

"Èmi náà kọ́ yẹn?" ni Bàbá Fèrèsé wí.

"Ẹ̀yin kì í ṣe ẹ̀rọ, Bàbá. Wọn kì í fún èèyàn ní máàkì."

Nígbà tí Ọ̀gá gbọ́ iye tí wọ́n ń ta ẹ̀rọ náà, ó wá àga jókòó. Ẹnjinníà ronú títí, ó wá ojúure Bàbá Fèrèsé, ó sì kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù báyìí: Ẹ̀rọ aṣífèrèsé, ẹyọ kan. Iná tó ń jẹ: òfo. Ariwo: díẹ̀, orin ni, láàárọ̀ nìkan. Ó ti lo ọdún mọ́kànlélógún, ó ku bíi mẹ́rin kó gbó.

"Ẹ má bínú, Bàbá."

"Bó bá ṣáà ti máa jẹ́ kí n rí ọmọ-ọmọ mi, ẹ kọ ọ́ pé kẹ̀kẹ́ ni mí."

Ayẹléwò dé láti òkèèrè, ó lo ọjọ́ méjì. Ó rí i pé fèrèsé ń ṣí lásìkò, ó ń tì lásìkò. Kò ní kí wọ́n fi ẹ̀rọ han òun, torí ìwé rẹ̀ pé. Pátákó dé, wọ́n kàn án mọ́ ẹnu ọ̀nà, Ọ̀gá ya fọ́tò níwájú rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, Bàbá Fèrèsé mú lẹ́tà rẹ̀ wọlé tọ Ọ̀gá.

"Háà, Bàbá, ẹ dákun. Wọ́n lè já wọlé lójijì. Tí wọn ò bá bá ẹ̀rọ lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n á yọ pátákó lọ. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ẹ̀rọ wo ló ń gba líìfù?"

Bàbá dé yàrá, ó jókòó, kò lè bọ́ bàtà. Ọmọ ti ń rìn. Ìyàwó rẹ̀ ò pariwo. Ó kàn ní kí wọ́n bá òun yá ìwé òfin erékùsù náà lọ́wọ́ Ẹnjinníà kí òun wò ó. Ó fi ìka tọ ìlà kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń ṣe fún àwọn ọmọ iléèwé rẹ̀, títí ó fi dé ojú ewé kẹtàdínlógún: Ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ kúrò lẹ́nu iṣẹ́ fún àtúnṣe ọ̀sẹ̀ méjì lọ́dọọdún. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, a ó gba pátákó padà.

Kí Ọ̀gá tó dé lọ́jọ́ kejì, ìwé pélébé kan ti wà lórí tábìlì rẹ̀, pẹ̀lú ìkọ̀wé tíṣà tó dúró ṣinṣin: "Ẹ̀rọ aṣífèrèsé ti lọ fún àtúnṣe. Ẹ wo ojú ewé kẹtàdínlógún." Ọ̀gá kà á lẹ́ẹ̀mejì, ló bá ní kí wọ́n kó kọ́kọ́rọ́ fún Ẹnjinníà.

Bàbá Fèrèsé àti ìyàwó rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ọmọ wọn nírọ̀lẹ́. Bàbá bẹ̀rẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì sí ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ọmọ náà wò ó lókè wò ó nílẹ̀, ó figbe ta, ó sá wọ abẹ́ aṣọ ìyá rẹ̀. Ó ti mọ ojú. Ojú bàbá àgbà rẹ̀ ni kò mọ̀. Bàbá yíjú sí fèrèsé kí wọ́n má baà rí omi lójú òun.

Lọ́jọ́ kẹrìnlá, Ẹnjinníà pè sórí fóònù ìyàwó Bàbá Fèrèsé. Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, àjà kẹrin ló wà.

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, ìgbà wo ni ẹ̀rọ yẹn ń padà bọ̀?"

Ìyá wo ọkọ rẹ̀. Ó wà nílẹ̀ lórí ẹní, kò jẹ́ mira, torí ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà láti sùn lé e láyà nígbà àkọ́kọ́.

"Ẹ bá wa sọ fún Ọ̀gá," ni ìyá wí, ó rẹ ohùn sílẹ̀, "pé ibi tó bàjẹ́ lára rẹ̀ ju bí a ṣe rò lọ. Ọ̀sẹ̀ méjì ò lè tó o."