Lọ́rì Tó Wá Kó Dosi

Àwọn kan ń sọ pé ọ̀lẹ ni Dosi. Irọ́ ni. Apẹ̀rẹ̀ ló ń hun tà, ilé alámọ̀ rẹ̀ ló sì wà nísàlẹ̀ pátápátá ládùúgbò wa ní Apa, níbi tí gbogbo omi òjò ń dà sí.

Nígbà ìjọba sọ́jà, wọ́n ní ká máa kó gọ́tà ní Sátidé ìparí oṣù, kẹ́nikẹ́ni má rìn títí aago mẹ́wàá. A óò kó ẹrẹ̀ sẹ́bàá gọ́tà, wọ́n á ní lọ́rì ń bọ̀ wá kó o. Lọ́rì wo? Òjò ló ń gbá a padà.

Dosi nìkan ló ń ru tirẹ̀ àti tiwa lọ sídìí àgbọn, kí omi lè rọ́nà gbà, kí ògiri rẹ̀ má baà wó.

Ní Sátidé kan, kí aago mẹ́wàá tó lù, lọ́rì dé lóòótọ́. Sọ́jà bọ́ sílẹ̀, ó dá Dosi dúró.

"Ta ló ní kó o máa rìn?"

"Ọ̀gá, ẹrẹ̀ ni mò ń rù."

"Orí lo fi ń rù ú, ẹsẹ̀ lo fi ń rìn. Gun ọkọ̀!"

Wọ́n gbé Dosi, wọ́n fi ẹrẹ̀ sílẹ̀. Àtèmi tẹ́nu mi mú bí abẹ, n ò lè sọ pé tiwa ló ń rù.

Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi tì í mọ́lé. Òjò ò dúró dè é. Ìgbà tó fi dé, ògiri ti wó.

Mo ní, "Dosi, pẹ̀lẹ́ o."

Ó ní, "Màmá, ẹnu yín wá là lónìí?"

Lóṣù tó tẹ̀lé e, ó kó ẹrẹ̀ tirẹ̀ sẹ́bàá gọ́tà bíi tiwa, ó jókòó. Lọ́dún yẹn, ilé gbogbo wa lomi wọ̀.