Ìyàwó Aláìlórí Inú Dígí

Gbogbo àdúgbò ló mọ Àǹtí Gáùn. Aṣọ ìyàwó nìkan ló ń rán, funfun báláú sì ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Àwọn ère aláìlórí tó ń gbé gáùn kọ́ tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. “Àwọn wọ̀nyí ló gbádùn jù,” á ní, “orí kì í fọ́ wọn.”

Orí tirẹ̀ ń fọ́. Láti ìgbà ọmọge ni túúlu ti ń bá a fínra: á gba ẹ̀gbẹ́ kan orí, á máa lù ú kì-kì-kì, èébì á tẹ̀ lé e. Ìgbà tí dókítà fún un ní oògùn àràárọ̀ tí kì í jẹ́ kó wá rárá ló tó sinmi. Ọdún gorí ọdún, túúlu kò yọjú.

Àfi ọ̀sán ọjọ́ kan. Ọmọbìnrin kan wá gbé gáùn rẹ̀ wọ̀ wò. Àǹtí Gáùn kúnlẹ̀, ó ń fi pínnì gbá etí aṣọ náà mọ́ra. Ó gbójú sókè. Ọrùn ló rí. Lókè ọrùn, ògiri ẹ̀yìn ọmọ náà ló ń wò, tòun ti ìṣó ara rẹ̀, bí ẹni pé orí kò fìgbà kan sí níbẹ̀.

“Ẹ̀yin àǹtí, ṣé ó dáa?” ni ohùn kan wí láti ibi òfìfo náà.

Ó wo dígí. Gáùn ń tún ìgbànú ara rẹ̀ ṣe, kò lórí.

“Ó dáa, ọmọ mi. Yí padà.” Kò fẹ́ dẹ́rù bà á. Ìmọ́lẹ̀ bí etí ayùn wá ń kọ yẹ̀rì yí òfìfo náà ká. Ìgbà náà ló mọ àlejò tó dé: túúlu ni.

Lẹ́yìn tí ọmọ náà lọ, àbúrò rẹ̀ obìnrin, tí wọ́n jọ ń ránṣọ, bá a lábẹ́ tábìlì, ó fi àgékù aṣọ dúdú bojú.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ ò lo oògùn yín ni?”

“Mo lò ó. Ó jọ pé nǹkan yìí ti mọ ọ̀nà tó ń gbà kọjá lára oògùn náà ni.”

Láti ìgbà náà ni túúlu ti ń wá lemọ́lemọ́. Òórùn rọ́bà tó ń jó á ṣáájú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò dáná. Á fẹ́ béèrè sísọ́ọ̀sì, “omi” ni á jáde lẹ́nu rẹ̀. Ó wá ń fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ àwọn oníbàárà, bí eré bí eré, kó lè mọ̀ pé ojú wà níbẹ̀. Oògùn apàrora di oúnjẹ rẹ̀.

Àbúrò rẹ̀ ló wọ́ ọ lọ sọ́dọ̀ dókítà. Wọ́n yẹ ojú àti ọpọlọ rẹ̀ wò, wọn kò rí nǹkan míì.

“Ẹ̀yin kọ́ lẹ fà á, mà,” ni dókítà wí. “Agbára oògùn tó ti ń ṣiṣẹ́ tipẹ́ lè dín kù. Àmọ́ apàrora yín ti pọ̀ jù. Òun náà ń fọ́ yín lórí.”

“Oògùn orí fífọ́ ló ń fọ́ mi lórí?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

Àǹtí Gáùn rẹ́rìn-ín.

Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n fi oògùn mìíràn rọ́pò ti àtijọ́. Wọ́n sì gba apàrora lọ́wọ́ rẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ le kú. Lọ́jọ́ kan, ẹnìkan dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀, kò lójú.

“Sọ̀rọ̀,” ni Àǹtí Gáùn bẹ̀ ẹ́.

“Kí n sọ kí ni, ẹ̀gbọ́n mi?”

“Ohunkóhun. Kí n ṣáà mọ̀ pé ìwọ ni.”

Àbúrò rẹ̀ wá ń ròyìn oníbàárà kan tó sanra kọjá gáùn rẹ̀, títí ojú àbúrò náà fi padà wá, imú lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà ẹnu.

Oògùn tuntun náà jẹ́. Túúlu ń wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kì í sì í pẹ́ mọ́. Àǹtí Gáùn ti padà sídìí ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n kò tún jẹ́ sọ pé túúlu ti lọ. Bí àbúrò rẹ̀ bá béèrè pé ara ńkọ́, á rẹ ohùn sílẹ̀, bí ẹni tí kò fẹ́ kí ẹnìkan nítòsí gbọ́:

“Ó dákẹ́ lónìí.”