Omi Tí Wọ́n Dà Sórí Tọ́bò Mi

Láti ọjọ́ tí mo ti ra píkọ́ọ̀pù mi ni àwọn ará Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó kò ti jẹ́ kí n gbádùn. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò tó nǹkan, àmọ́ ó ní tọ́bò, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ́ńjìnnì kí agbára rẹ̀ lè pọ̀ sí i. Ọ̀rọ̀ tọ́bò yìí ló kó bá mi. Bí mo bá ti ní ẹrù kan pọ̀ jù, wọ́n á ní, "Ṣé kì í ṣe tọ́bò ni?" Wọ́n rò pé kì í rẹ tọ́bò.

Ẹ̀gbọ́n kan wà ládùúgbò wa tó ń gbẹ́ kànga ẹlẹ́rọ. Ó ní kí n bá òun fa kọ̀mpẹ́rẹ́sọ̀ òun, ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ ńlá tó wà lórí tírélà ẹlẹ́sẹ̀ méjì, lọ sí Ìpọ̀nrí. Mo wo irin yẹn, mo ní ó wúwo ju ọkọ̀ mi lọ.

"Àbúrò, tọ́bò lo ní o. Má dójú tì mí."

Ó yẹ kí n kọ̀. Ṣùgbọ́n èmi náà fẹ́ràn kí wọ́n máa yìn mí pé obìnrin ni mí, mo sì ń fa ẹrù tí ọkùnrin ń sá fún. Ẹ̀bi tèmi kò ju ìyẹn lọ.

Ẹ̀gbọ́n jókòó tì mí, jíà kìíní la sì fi gun afárá Ojúẹlẹ́gbà. Ẹ́ńjìnnì ń ké bí ẹni tí eyín ń dùn. Bí a ṣe sọ̀ kalẹ̀, òórùn irin tó gbóná gba imú mi, mo yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Tọ́bò ti pọ́n bí ẹ̀yinná. Mi ò pa ọkọ̀, torí bó bá gbóná báyẹn, ńṣe lèèyàn máa jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì rọra máa ṣiṣẹ́ títí tọ́bò yóò fi tutù fúnra rẹ̀. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má fọwọ́ kàn án." Mo wá lọ fi òkúta há ẹsẹ̀ tírélà.

Kí n tó nàró, ó ti fi eyín ya ọ̀rá píọ́ wọ́tà kan, ó ti dà á lé tọ́bò lórí.

"Omi ò lọ́tàá," ló wí.

Mo gbọ́ kà! Irin là. Ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í bú ramúramù, èéfín bo gbogbo wa.

Inú bí mi, ó ṣì ń bí mi. Ọkọ̀ yẹn ni mo fi ń bọ́ ọmọ méjì, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló sì fi jókòó sọ́dọ̀ mẹkáníìkì ní Mushin lẹ́yìn ọjọ́ náà. Mo ní, "Kí lẹ ṣe yìí? Ta ló bẹ̀ yín níṣẹ́? Ṣé ẹ kì í gbọ́ràn ni?" Mi ò bú u. Mo kúkú fi "ẹ" sí i. Ohùn mi ló lọ sókè.

Àwọn èèyàn pé lé wa lórí. Kò sẹ́ni tó wo tọ́bò. Ohun tí wọ́n rí ni obìnrin tó ń jágbe mọ́ ẹni tó jù ú lọ.

"Àǹtí, ẹ̀gbọ́n yín ni," ni ọkùnrin kan wí. "Wọ́n kàn fẹ́ ràn yín lọ́wọ́ ni. Ẹ kúnlẹ̀, ẹ bẹ̀ wọ́n."

Ẹ̀gbọ́n gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń retí ẹ̀bẹ̀.

Mo kúnlẹ̀ sórí títì. Ó ní kò burú, òun ti dárí jì mí, ṣùgbọ́n kí n má ṣe irú ẹ̀ mọ́.